Ọ̀sà Ẹnu Ọ̀nà Wa àti Erékùṣù Òkèèrè

Kò sí ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ kì í fẹ́ kí a rán wọn lọ sí òkèèrè. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròhìn erékùṣù kan ní ilẹ̀ olóoru, tí òkun yí i ká, tí òkè ńlá dúró ní àárín rẹ̀, tí igi àti ẹyẹ rẹ̀ kò lóǹkà, ọkàn wọn a máa fà síbẹ̀. Wọn a fẹ́ ran ìjọ ibẹ̀ lọ́wọ́, wọn a sì fẹ́ fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Àwa kò bá wọn wí nítorí èyí, nítorí ìfẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí a ń fẹ́ bá àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà sọ̀rọ̀, àti gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí omi, pé iṣẹ́ ìsìn àti mímọ ìṣẹ̀dá kì í ṣe ohun méjì tí a lè yà nípa. Ẹni tí yóò bá sin àwọn ènìyàn ibì kan ní àsìnyè, ó yẹ kí ó mọ omi wọn, ilẹ̀ wọn, àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ń bá wọn gbé ibẹ̀. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bá a lọ kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ọdún 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti wọ inú Odò Ọya, kí wọ́n lè bá àwọn ọba etí odò dá májẹ̀mú láti fòpin sí òwò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú ní ọdún 1821, wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà lọ, òun àti J. F. Schön, láti wo bí a ó ti mú ìhìnrere dé ilẹ̀ náà. Theodor Vogel, ará Jámánì, onímọ̀ nípa igi àti ewéko, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láti kó àwọn ewéko ilẹ̀ wa jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pé ẹni tí ń wá ọkàn ènìyàn àti ẹni tí ń wá ewé igi jọ rin ìrìn àjò kan náà.

Ní ayé ìgbà náà, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ń ti inú àbàtà jáde ni ó ń fa ibà. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà, tí yóò máa fọ afẹ́fẹ́ mọ́ kí ó tó wọlé tọ àwọn tí ń sùn. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ẹ̀tàn kò sì sí nínú èrò wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò gba ẹnikẹ́ni là. Nínú àwọn Òyìnbó bí àádọ́jọ tí ó wọ odò náà, nǹkan bí 130 ni ibà dá dùbúlẹ̀, àwọn tí ó kú sì lé ní 40. Àwọn ọkọ̀ padà sẹ́yìn, a sì kó àwọn aláìsàn lọ sí erékùṣù Fernando Po, èyí tí à ń pè ní Bioko lónìí, tí òkè rẹ̀ ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà lọ. Níbẹ̀ ni Bird Allen, ọ̀gá ọkọ̀ Soudan, kú sí ní oṣù October. Níbẹ̀ náà ni Vogel kú sí ní ọjọ́ 17 oṣù December, ọdún 1841. Àwọn ewéko tí ó kó jọ kò ṣègbé. A kọ wọ́n sínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní ọdún 1849. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó já wọn kò rí ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1854. Crowther tún wọ Odò Ọya, nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Pleiad, lábẹ́ oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Baikie. Fernando Po kan náà ni wọ́n ti gbéra. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kuníìnì lójoojúmọ́, láìdúró de ìgbà tí ara wọn yóò gbóná. Oògùn náà ti ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá. Wọ́n lò ju àádọ́fà ọjọ́ lọ lórí odò, ibà kò sì pa ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Odò kan náà ni, àbàtà kan náà ni. Ìmọ̀ ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀ Baikie pẹ̀lú kò mọ ẹni tí ń ta ọfà náà. Ó di ọdún 1897 kí Ronald Ross, ní ilẹ̀ Íńdíà, tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn.

Ẹnikẹ́ni lè máa bi wá pé, kí ni ìtàn Odò Ọya àti Fernando Po kàn Bàrígà sí? Ó kàn án. Ọkọ ọmọ Crowther, Thomas Babington Macaulay, ni olórí àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Bàrígà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lónìí. Láti àdúgbò náà, ìrìn díẹ̀ ni ó kù kí a dé etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ ọ̀sà náà? Púpọ̀ nínú wọn kò rí i bí kò ṣe láti ojú fèrèsé ọkọ̀, lórí afárá gígùn tí a ṣí ní ọdún 1990.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Omi ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, iyọ̀ a sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìgbà òjò, àwọn odò òkè ilẹ̀ a ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ náà a sì dínkù gidigidi. Ẹja àti akàn ibẹ̀ mọ àsìkò wọn, àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn sì mọ ọ́n pẹ̀lú. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ nàró nínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, ni ilé tí àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, níbi tí a kò bá tíì gé e. Àti ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó, tí ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lọ́nà ní ìgbà òjò, àlejò ni. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni òun pẹ̀lú ti wá, ọdún 1984 ni a sì rí i ní ìhà Badagry. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú omi, a máa kú. Ẹ kíyèsí i pé láti ilẹ̀ kan náà ni igi kuníìnì tí ó wò wá sàn àti ewéko tí ó ń yọ wá lẹ́nu ti wá. Ẹni tí kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa dé ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ bá fẹ́ ran àdúgbò lọ́wọ́, wọn a gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọn a sì gbá gọ́tà. Iṣẹ́ rere ni, nítorí gọ́tà tí ó dí ni ó ń mú àgbàrá wọ ilé aláìní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rò pé àwọn ti ṣẹ́gun ibà nípa èyí nìkan, wọ́n dàbí àwọn tí ó gbé ẹ̀rọ fífọ afẹ́fẹ́ wọ ọkọ̀ ní ọdún 1841. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà. Èyí tí ń gbé e, abo rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, òru ni ó sì sábà máa ń jáde. Ó fẹ́ràn omi tí ó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń ràn sí: omi inú kòtò ojú ọ̀nà, inú ipa ẹsẹ̀ táyà, inú ihò tí àwọn kọ́lékọ́lé gbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí ń yé ẹyin sínú omi oníyọ̀ ní àárín ẹ̀gbà. Nínú ìlú ńlá, ó ti ń kọ́ láti gbé inú omi ẹlẹ́gbin pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí ó bá ti yé ẹyin títí di ìgbà tí ọmọ yóò fi fò, ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ń yí àdúgbò rẹ̀ ká ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí ó ń da omi tí ó dúró nù, tí ó ń dí kòtò, tí ó sì ń bo àgbá omi, púpọ̀ nínú wọn kò ní rí àyè hù ìyẹ́. Kí wọ́n sì yà sí ilé aboyún àti ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà, nítorí àwọn wọ̀nyí ni ibà ń pa jù, kí wọ́n wò bóyá àpò ẹ̀fọn tí wọ́n ń sùn sábẹ́ rẹ̀ kò ya. Iṣẹ́ yìí kò ní ìyìn púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ kan lè ti ibẹ̀ là.

Ní ti àwọn tí ó bá fẹ́ rí ọ̀sà fúnra wọn, a ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Ẹ tọ apẹja àgbà lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kí i bí ó ti yẹ, kí ẹ sì san owó ọ̀nà rẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó le, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ẹ má sì ṣe lọ nígbà tí òjò bá ṣú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ ohun mẹ́wàá sílẹ̀: ẹja, ẹyẹ, igi, àti ohun tí a ń lò wọ́n fún. Kí ẹ tó padà, ẹ bi àwọn ará etí omi léèrè ohun tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí ẹ má ṣe fi èrò ti yín ṣáájú ti wọn. Crowther pẹ̀lú, etí ni ó kọ́kọ́ fi sin àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1843 ni ìwé tí ó kọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ ọ̀sà Bàrígà, tí ó sì ti sin àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ fún ọdún kan láìṣàárẹ̀, a lè rán an lọ sí erékùṣù èyíkéyìí láìfòyà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pa iná ọkàn wọn. Ẹ fi ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n. Sátidé tí ń bọ̀ kò jìnnà.