Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́, Dátà Olówó

Khan Academy ń kọ́ni ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ṣùgbọ́n owó dátà ńkọ́? Ṣé ojoojúmọ́ ni ìyá aláta yóò máa rà á kí ọmọ tó mọ ìsọdipúpọ̀ ni? Rárá o. Ètò Kolibri wà, ọ̀fẹ́ ni òun náà: ẹ̀ẹ̀kan la ó kó ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kíláàsì á sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tiwa ni pé kí á yọ díẹ̀ nínú èrè ẹgbẹ́, kí á fi ra kọ̀ǹpútà kan fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Tíṣà ni kó yan èyí tó bá iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mu. Ẹ̀rọ kò lè gba ipò rẹ̀. Ẹ wá sọ tẹnu yín ní ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.