Ohun Tí Ojú Kò Rí, Kámẹ́rà Rí I
Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Èèyàn tó lé ní 40 kú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Kọnkéré tó gùn ní mítà kan lè sán bí a bá fà á ní ìdámẹ́wàá mìlímítà péré. Ojú lásán kò lè rí i. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á wọ́n ọ̀dà wínníwínní sí i lára, ẹ̀rọ á máa fà á, kámẹ́rà á máa yà á, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe sún.

Kámẹ́rà kò lè wo ojúkòkòrò sàn, àmọ́ ó ń tú àṣírí ohun èlò tí kò dára. A bẹ̀ yín, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ mú un wálé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.