Àlùfáà: Orúkọ Òye Ni, Kì í Ṣe Orúkọ Láwàní



  

Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ilé-Ogbó àti ní gbogbo agbègbè Ìwó. Ọ̀rọ̀ náà ni àlùfáà, tí a tún ń pè ní àáfà. Ẹni tí ó wé láwàní, àáfà ni. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, àáfà ni. Ẹni tí ó ń tẹ yanrìn láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, àáfà náà ni a ń pè é. Ǹjẹ́ orúkọ kan yìí lè gba gbogbo wọn bí? Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn Gíríìkì ní Alpha, lẹ́tà tí ó ṣáájú nínú lẹ́tà wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé òun ni ó di àlùfáà, pé “ẹni iwájú” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Foníṣíà ni àwọn Gíríìkì ti gba lẹ́tà náà, màlúù sì ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Alif tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ìbátan rẹ̀. Ojú tí ó jọ ojú kì í sọni di ọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀nà Tìmbúkútù ni kí a wò. Ní ilẹ̀ Songhay, Alfa ni wọ́n ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pe Mahmud Kati, gbajúmọ̀ onímọ̀ ìlú náà. Ní Futa Jallon, ní ilẹ̀ Gínì, Karamoko Alfa ni ó ṣíwájú ìjọba Ìsìláàmù ní nǹkan bí ọdún 1725. Àwọn onímọ̀ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ al-faqīh ti èdè Lárúbáwá, èyíinì ni ẹni tí ó ní òye ìjìnlẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Haúsá nìkan ni a ti gba ẹ̀sìn yìí, málàmù ni à bá máa pe olùkọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé e dé Bràsíìlì, níbi tí alufá ti jẹ́ orúkọ olùkọ́ Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn Ìmàle dìde ní Bàhíà ní January 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, ìwé tí a fi Lárúbáwá kọ ni àwọn ọlọ́pàá ń bá lọ́wọ́ wọn. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ìwé.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pàápàá yá a lò. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, àlùfáà ni ẹni tí ń rú ẹbọ fún àwọn ènìyàn. Ibí yìí ni kí a ti ṣọ́ra. Ìsìláàmù kò mọ alágàtà láàrín ẹrú àti Olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, àwa fúnra wa ń lo àáfà bí alágàtà. Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ń ta ohun ìní rẹ̀ kí wọ́n lè bá a rán tírà. Tírà yìí kan náà, ìwé ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Songhay! Ohun tí ó yẹ kí a ṣí kà ni a rán mọ́ inú awọ.

Nítorí èyí, àwọn ọ̀dọ́ kan kò fẹ́ kí a pè wọ́n ní àáfà mọ́. Ustādh ni wọ́n ń fẹ́, nítorí pé wọ́n rò pé Lárúbáwá pọ́ńbélé ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà ni Lárúbáwá ti yá a! Kí a pààrọ̀ orúkọ kò ní kí ìwà pààrọ̀. Kí a má sì fi àbùkù kan àwọn àáfà àgbà tí wọ́n fi wàláà kọ́ àwọn bàbá wa ní Al-Kùránì láìgba owó oṣù. Àwọn ni wọ́n di ẹ̀sìn mú títí tí ó fi kàn wá.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a gba ọ̀rọ̀ wa padà. Nínú Sūratu Taobah, āyah 122, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí àwọn kan nínú ìjọ kọ́ òye ẹ̀sìn kí wọ́n lè máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Iṣẹ́ àlùfáà nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó kà àti ẹni tí ó kọ́. Ìwọ ọ̀dọ́ tí wọ́n sì ń pè ní àáfà nítorí fìlà àti irùngbọ̀n rẹ, padà lọ jókòó níwájú olùkọ́, kí orúkọ náà má baà jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ ní Ọjọ́ Ìgbéǹde.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye ẹ̀sìn. Àmín.