Ìbọ̀wọ́ kejì nínú yàrá iṣẹ́ abẹ: ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé "ẹ dúró ná"?

Ní Agblangandan, níbi tí Sèmè-Kpodji ti fara kan Kútọnu, bí wọ́n bá ní aláìsàn fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: dókítà wo ló máa ṣe é? Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ ìwádìí kan tí Benin wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ẹnì kan tún wà tó yẹ ká béèrè: ẹni tó dúró ti dókítà, tó ń na irinṣẹ́ sí i.

ChEETAh lorúkọ ìwádìí náà. The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn, gbé e jáde ní 2022. Orílẹ̀-èdè 7 ló kópa, Benin, Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn. Ilé ìwòsàn 81, aláìsàn tó lé ní 13,000 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní àwọn yòókù, kí wọ́n tó rán ikùn pa, gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan iṣẹ́ náà á bọ́ ìbọ̀wọ́, á wọ tuntun, wọ́n á sì gbé irinṣẹ́ mìíràn tó mọ́ wá. Kò sí oògùn tuntun, kò sí ẹ̀rọ ńlá. Síbẹ̀, nínú aláìsàn 100, àwọn tí kòkòrò àrùn wọ ojú abẹ wọn dín láti bíi 19 sí 16.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Ọwọ́ tó ti kan ìfun, bí a bá tún fi rán awọ, àrùn la ń gbìn síbẹ̀. Ẹ má sì pe ènìyàn 3 ní kékeré. Ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ bá ṣọyún á san owó oògùn, á san owó zémidjan lọ bọ̀, ọjà rẹ̀ á sì wà ní títì.

Kí ló wá kù? Olùrànlọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ ti to irinṣẹ́ kejì sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló yẹ kó lè sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀wọ́ kọ́kọ́." Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọdé ò ní lè sọ ọ́. OMS ti rí ìṣòro yìí. Ní 2008 ó gbé ìwé kan jáde tó ní nǹkan 19 tí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá abẹ gbọ́dọ̀ jọ yẹ̀ wò, kí kálukú sì sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ìlú 8, ikú dín láti 15 sí 8 nínú aláìsàn 1,000.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Kí àwọn tó ń ra ẹrù fún ilé ìwòsàn ka ìbọ̀wọ́ ní méjì-méjì fún oníṣẹ́ kan. Kí àwọn ọ̀gá náà sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá ní "ẹ dúró ná" ò rí wọn fín. Láìsí èyí, ìbọ̀wọ́ tuntun á kàn wà nínú páálí ni.