Ìwé Pẹ́, Owó Kò Gbọdọ̀ Pẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Oxon Hill, púpọ̀ nínú wa ló ń tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn. Àwọn mìíràn ti di ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ timesheet sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀gá á ní, "Ìwé rẹ pẹ́, owó rẹ di oṣù tó ń bọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Òfin Maryland ní ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ wákàtí òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kó sì pa á mọ́ fún ọdún 3. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ká sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, kóòtù lè ní kó san án tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìwé gbọ́dọ̀ dé. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ san wákàtí tí ẹ mọ̀, ẹ ṣàtúnṣe lẹ́yìn. Ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà, ẹ fún un níwèé ìkìlọ̀. Ẹ lè dá a dúró pàápàá. Ṣùgbọ́n owó òógùn rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má torí èyí sọ̀lẹ o. Ọ̀gá lè nílò ìwé yẹn láti fi béèrè owó lọ́wọ́ Medicaid.

Ẹ̀yin ọmọ wa náà, lálẹ́ ọjọ́ ìwé, ẹ rán mọ́mì létí, bí wọ́n ṣe ń rán yín létí homework.