Kádàrá Kọ́, Àìbìkítà Ni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, nígbà tí àrùn Kòrónà jà ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá sún iṣẹ́ abẹ tó lè dúró síwájú. Èyí bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n aboyún Lágelú tí ọmọ há sí lára kò lè dúró. Kónílé-ó-gbélé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7 alẹ́: ọkọ̀ wo ni yóò gbé e dé Ìbàdàn? Bí ó bá sì débẹ̀, dókítà akunilóorun ló ń sún mọ́ èémí aláìsàn jù. Ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá fà sẹ́yìn láìní ìbòjú? Bí irú aboyún bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kádàrá bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé, ẹ bi ìjọba léèrè: yàrá iṣẹ́ abẹ ìtòsí wa dà? Ohun ìdáàbòbò àwọn dókítà dà?