Ọfà Tìmì Láàárín Àpótí Méjì

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ pín in sí àpótí méjì. Nínú àkọ́kọ́, ẹ ya Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ẹni tó tẹ ìlú Ẹdẹ dó, bó ṣe fa ọsán ọrun dé etí. Nínú èkejì, ẹ ya òrùlé kan tó ń jó. Ta ló wá ya ọfà náà lẹ́nu ìrìn? Kò sẹ́ni tó yà á. Àlàfo tín-ín-rín àárín àpótí méjèèjì ló gbà kọjá, ojú ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó ló sì gbé e lọ.

Iṣẹ́ ẹni tó ń sọ fíìmù di ìwé kọ́míìkì nìyẹn. Ohun tó ń sáré lójú sinimá ni yóò dá dúró, síbẹ̀ a ó ṣì máa rí i pé ó ń sáré.

Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n kàn ń wo fíìmù, wọ́n ń yà á bó ṣe rí ni. Rárá o. Ẹ wo Star Wars, fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 25 oṣù Karùn-ún 1977. Láti oṣù Kẹrin ni ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì Marvel ti gbé apá kìn-ín-ní nínú apá mẹ́fà ìwé rẹ̀ jáde. Roy Thomas ló kọ ọ́, Howard Chaykin ló yà á, nígbà tí fíìmù fúnra rẹ̀ kò tíì parí. Ìwé eré àti fọ́tò ni wọ́n ń wò ṣiṣẹ́. Abájọ tí ìran tí wọ́n gé kúrò nínú fíìmù fi wà nínú ìwé! Jabba, ọ̀gá ọ̀daràn inú ìtàn náà, tó wà níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, irun gígùn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí sinimá fi Jabba han aráyé ní 1983, ó ti di ràbàtà bí ìgbín tó bọ́ ìkarahun sílẹ̀. Àwọn kan ń pe ti ìwé ní àṣìṣe. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀: ayàwòrán tí kò rí nǹkan, tó sì gbọ́dọ̀ yà á, ó ṣe tirẹ̀.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. Atọ́ka, ìwé ìròyìn Yorùbá tó gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1960, ti máa ń ya àwọn eléré alárìnjó ní fọ́tò nígbà náà, á to fọ́tò náà tẹ̀léra, á wá tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sára rẹ̀. Kámẹ́rà ló ṣe iṣẹ́ pẹ́ńsù.

Ohùn ló wá le jù láti yà. Èémí Darth Vader, ọ̀dájú inú Star Wars, tó ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kò sí lórí bébà. L'Ẹ́dẹ ńkọ́, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti fìgbà kan jẹ́ ọba tó tún mọ ìlù lù? Ìró lásán ni ayàwòrán òyìnbó máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Dùndún kì í ṣe ìró lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá ń ya Tìmì àti ayàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ìlù wí, kó sì fi àmì ohùn sí i. Dùndún mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Lẹ́tà tí kò lámì kò mọ̀ ọ́n.